Ohun Tí Kò Wọ Ìwé Ìpàdé

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú Skarvnes,
níbi tí òkè ti há ilé mọ́ etí òkun,
tí a ò ju àádọ́fà ojúlé lọ,
pẹ̀lú ilé ìwé kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti òpópónà kan
tó bẹ̀rẹ̀ níbi ọkọ̀ ẹja, tó parí síbi tó bá rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn rèé:
"A jíròrò lórí páìpù omi. A fẹnu kò. Igi márùn-ún ni a ó gé."
Ìwé ìpàdé kì í bínú, kì í sì í sunkún.

Kò sọ pé wákàtí mẹ́rin la fi jókòó,
tí kọfí tutù sínú ife,
tí Alága Gunnlaug ń nàka sí àwòrán
àga ìgbafẹ́ mẹ́rìnlá lẹ́bàá òkun,
fún àwọn àlejò tí ọkọ̀ ńlá ń já sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn:
wákàtí méjì, wọ́n ya fọ́tò, ó dìgbóṣe.
Kò sọ pé Torleif ará òkè dìde,
ó gbé ìgò kan kalẹ̀ lórí tábìlì, omi inú rẹ̀ pọ́n bí tíì,
ó ní, "Láti oṣù Kẹsàn-án nìyí. Èyí la fi ń wẹ ọmọ.
Kí ni kí àlejò jókòó máa wò?"
Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Gunnlaug ò rẹ́rìn-ín.
Owó tó wà lápò, ọ̀kan ṣoṣo ló lè ṣe.

Sindre, ẹnjiníà tí wọ́n rán sí wa, ọmọdé onírùngbọ̀n,
tẹ́ máàpù rẹ̀: búlúù fún omi, pupa fún iná.
Ṣùgbọ́n búlúù náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì
bí ìtàn tó já mọ́ arúgbó lẹ́nu.
Ìwé àtijọ́ ti jóná pẹ̀lú gbọ̀ngàn àtijọ́.
"Bí a ò bá mọ ibi tó gbà," ó ní,
"gbogbo títì la ó hú, owó yín ò sì ní í tó ìdajì."

Ìgbà náà ni Borghild sọ̀rọ̀.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin; nítorí pé ilé rẹ̀ tutù
ló ṣe máa ń wá sípàdé. A mọ̀, a kì í sọ.
"Asbjørn ọkọ mi ló gbẹ́ kòtò yẹn," ó ní,
"èmi ni mo di àtùpà mú.
Níbikíbi tí páìpù bá ti yà, ó gbin igi kan
kó má baà gbàgbé.
Àwọn eléso pupa wọ̀nyẹn. Ẹ rò pé ẹyẹ ló gbìn wọ́n."

Gbogbo wa kọjú sí fèrèsé.
Márùn-ún, nínú yìnyín, wọ́n tò kọ́lọkọ̀lọ
láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dórí òkè,
èso wọn ṣì wà lórí bí ògúnná.
Ọdún mélòó la ti ń gba abẹ́ wọn kọjá?

Sindre dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Màmá,
gbòǹgbò wọn ló wọ páìpù. Òun ló ń ba omi jẹ́."
Borghild ní, "Mo mọ̀.
Mo ti mọ̀ láti oṣù Kẹsàn-án."

Mi ò mọ bí a ṣe ń kọ ìyẹn.
Bírò wà lọ́wọ́ mi. Mo wo ilẹ̀.

Oṣù Kẹfà ni wọ́n hú u.
Gbòǹgbò há sínú irin náà bí irun sínú kóòmù.
Owó tó ṣẹ́ kù ra àga méjì;
wọ́n ṣì í tò, òkè ni wọ́n kọjú sí, wọ́n kẹ̀yìn sókun,
àwọn àlejò sì ń jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo kùkùté.

Mo yà nílé Borghild. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó bu ife kan,
ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó mọ́ gaara.
Ó mu ún. Ó tún mu.
"Ó dáa," ó ní. "Kò kàn ní adùn kankan."